Wọ́n ń sá fún mi nítorí owó ọmọ òrukàn

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ̀ka ìṣirò owó ni mo wà ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá èèyàn kó ẹrù káàkiri, n'Ìkejà níbí. Àwa òṣìṣẹ́ ń lọ bí ọgọ́ta, tí a bá ka àwọn dírẹ́bà mọ́ ọn. Ọ̀gá wa ní kí n máa dáwó jọ lọ́wọ́ gbogbo wa fún ilé ọmọ òrukàn kan, ká lè gbé e lọ fún wọn kí ọdún tó parí. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, èèyàn mọ́kànlá péré ló ti fi nǹkan sílẹ̀. Bí mo bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, kálukú á gbé fóònù sétí. Mo wá gbé orúkọ àwọn tó ti san sórí WhatsApp ọ́fíìsì, mo fi àmì síwájú wọn, kí ojú lè ti àwọn tó kù. Kàkà kí wọ́n san, ìyá kan níbi ìkẹ́rùsí bú mi lójú gbogbo ayé. Mà, báwo ni mo ṣe lè mú kí àwọn èèyàn yìí lawọ́?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi. Mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni.

Àbúrò mi, o kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ṣe akọ̀wé ìgbáyégbádùn ní ọ́fíìsì kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí irú owó tí n kò dá jọ rí: owó òkú, owó ìyàwó, owó ìkómọ, ti ẹni tí iná jó ilé ẹ̀, àti ti àwọn ọmọ òrukàn bíi tìrẹ yìí. Mo mọ bó ṣe ń rí lára kí èèyàn máa bọ̀ kí wọ́n máa dá fóònù tí kò dún lóhùn. Ṣùgbọ́n ibi tí ìbéèrè rẹ ti wọ́ ni gbólóhùn ìkẹyìn. O ní báwo lo ṣe lè mú kí wọ́n lawọ́. Ta ló sọ fún ọ pé wọn ò lawọ́? Ìyá tó bú ọ yẹn, o ò mọ̀ bóyá ọmọ àbúrò ẹ̀ méjì ló ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀, tó ń jẹun níbẹ̀, tó sì jẹ́ òun ló ń rán wọn nílé-ìwé. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun náà ní ilé ọmọ òrukàn tiẹ̀ nínú yàrá méjì tó háyà, kò kàn gbé pátákó síwájú ilé ni. Nínú ọ́fíìsì tí èèyàn ọgọ́ta wà nílẹ̀ yìí, tí a bá ní ká ka àwọn tí kò gbọ́ bùkátà ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ọmọ tí wọ́n bí, bóyá la fi máa rí márùn-ún.

Wá wo àsìkò tí a wà. Ní ìparí oṣù karùn-ún 2023 ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, bẹntiróòlù tó wà ní nǹkan bí 190 náírà sì kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ọkọ̀ wíwọ̀ wá síbi iṣẹ́ ti di ẹrù tó ń jẹ apá kan owó oṣù. Owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè yìí di 70,000 náírà lọ́dún 2024, ti Ìpínlẹ̀ Èkó sì jẹ́ 85,000. Bí ọ́fíìsì yín bá ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dára, àmọ́ bi àwọn tó wà níbi ìkẹ́rùsí léèrè iye tí wọ́n ń ná láti Ìkòròdù wá sí Ìkejà lóòjọ́ kí o tó na ìwé orúkọ sí wọn. Lẹ́yìn náà, ka iye owó tí wọ́n ti dá nínú ọ́fíìsì yẹn kan náà lọ́dún yìí. Kéèkì ọjọ́ ìbí ọ̀gá wà ńbẹ̀. Ẹni tó ń kúrò wà ńbẹ̀, a gbọ́dọ̀ ṣe ìdágbére fún un. Bàbá ẹnìkan kú l'Ọ̀fà, a háyà bọ́ọ̀sì lọ. Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ọmọ akọ̀wé, ìyẹn ò ṣeé kọ̀. Kí tìrẹ tó dé, wọ́n ti dáwó títí ó ti sú wọn. Ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo gbogbo ẹ̀, pé owó tún ti ń jáde.

Síbẹ̀, kì í ṣe àìlówó ló ń fa èyí tó pọ̀ jù. Mo ti rí ẹni tó ní òun ò ní 500 náírà fún àpótí tí mo gbé kiri, tó sì fún ọlọ́pọ́n ẹ̀pà tó kọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa ní 2,000 lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an. Kí ló fa ìyàtọ̀? Ó rí ẹ̀pà tó dà sílẹ̀, ó rí obìnrin náà tó ń ṣà á. Ti tèmi, kò rí nǹkan kan àfi àpótí. Àwọn baba wa tó ń ṣe àáró kò ní kí ẹnikẹ́ni kéde láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, nítorí ojú gbogbo wọn ló wà lára ebè. O kọ ogún ebè lóko Àkàndé lónìí, o rí i, Àkàndé rí i, bó bá sì di ọ̀túnla, Àkàndé á wà lóko tìrẹ. Owó tí a dá ní ọ́fíìsì kì í ní ebè. Ó bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ó wọ àkáǹtì kan, ó tán.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí lórí èyí. Lọ́dún kan, iná jó ilé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́séńjà wa. A dáwó, owó sì wọlé gan-an, àkáǹtì èmi fúnra mi ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí. Ọjọ́ tó yẹ kí n gbé e fún un ni wọ́n pè mí pé ìyá ọkọ mi kú n'Ílá Ọ̀ràngún. Mo gbéra, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó padà dé. Bí mo ṣe wọlé lọ́jọ́ Monday, gbogbo ọ́fíìsì ló ti gbọ́ pé mo ti fi owó oníná ra fíríísà. Ibi tó dùn mí jù ni pé lóòótọ́ ni mo ra fíríísà. Owó àjọ tí mo kó ni mo fi rà á, kó tó di pé iná jó ẹnikẹ́ni, àmọ́ ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Mo fún mẹ́séńjà lówó ẹ̀ pé pérépéré, mo fi ìwé báńkì hàn, síbẹ̀ fún bí ọdún méjì lẹ́yìn náà, bí mo bá ní ká dáwó, ẹnìkan á béèrè lẹ́yìn mi pé fíríísà ńkọ́. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi àfi èmi tí n kò sọ nǹkan kan kí n tó lọ. Gbogbo wa la ti gbọ́ ìtàn Alájọ Ṣómólú, tí wọ́n ní ó gba àjọ lọ́wọ́ ogunlọ́gọ̀ èèyàn láì kọ orúkọ ẹnìkan sílẹ̀, tí kò sì ṣìṣe. Èmi kì í ṣe Alájọ Ṣómólú, ìwọ náà kì í ṣe òun. Kọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, kí o tó gba kọ́bọ̀ kan sí i, wò ó bóyá o lè dáhùn tí ẹnìkan bá bi ọ́ pé: mélòó ló ti wọlé, ibo ló wà, àwọn méjì wo ló mọ̀ nípa ẹ̀ yàtọ̀ sí ọ, ọjọ́ wo ló máa kúrò níbẹ̀, kí ni wọ́n máa fi ṣe? Bí àkáǹtì rẹ ni owó náà ń wọ̀, wá ọ̀nà mìíràn kíákíá. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín, bí ẹ bá ní in, lè bá yín tọ́jú ẹ̀, nítorí àwọn ní ìwé àti àwọn tó ń yẹ ìwé wò. Béèrè pẹ̀lú nípa ilé ọmọ òrukàn náà fúnra ẹ̀. Ṣé wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀? Ṣé ilé-iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ̀ wọ́n, tí wọ́n sì ní ìwé àṣẹ? Èyí kì í ṣe àrífín. Ilé tó ń ṣe dáadáa á fi ìwé hàn ọ́ kí o tó jókòó tán.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ WhatsApp. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ lo dá a sílẹ̀, gbogbo ọ́fíìsì ló ń ṣe é. Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún ọ: orúkọ gbangba máa ń mú owó wá. Nígbà tí èmi ń gbé ìwé kiri, tí ọ̀gá kan kọ 20,000 sókè pátápátá, àwọn ọ̀gá kékeré tó tẹ̀ lé e kọ 10,000, kò sẹ́ni tó fẹ́ rẹ̀yìn. Iye tó wọlé lọ́jọ́ yẹn wú mi lórí. Nígbà tí mo ka orúkọ ni mo tó rí i pé èèyàn mẹ́sàn-án ló kó gbogbo ẹ̀ wá. Gbogbo àwọn tí 500 wà lọ́wọ́ wọn wo 20,000 tó wà lókè, wọ́n dá ìwé padà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo gbé àpótí tó ní ihò lórí sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń bu omi mu, kò sí orúkọ, kò sí iye. Owó náà kéré sí ti èṣí, àmọ́ ó lé ní ogójì èèyàn tó fi nǹkan sí i, mo sì mọ̀ nítorí mo rí wọn. Ọdún kẹta ló tó ju ti ìwé lọ. Ìwọ lo máa yàn. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa ṣe é, tí owó náà sì jẹ́ ti iṣẹ́ abẹ tí kò lè dúró, mi ò ní bá ọ jà tí o bá gbé ìwé kiri láàárín àwọn ọ̀gá. Bó bá jẹ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ máa ṣe lọ́dọọdún, orúkọ gbangba á bà á jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹni tí o dójú tì lọ́dún yìí lè san, àmọ́ kò ní gbàgbé.

Ó ní nǹkan kan tí o kò béèrè, tó sì jọ pé òun ni egungun ẹja inú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀gá ló rán ọ. Ohun tó bá ti ẹnu ọ̀gá wá, àṣẹ ni lójú òṣìṣẹ́, ì báà jẹ́ pé ẹ̀rín lọ̀gá fi sọ ọ́. Àwọn mọ́kànlá tó san yẹn, mélòó nínú wọn ló san nítorí ọmọ òrukàn, mélòó ló san nítorí pé ìgbéga ń bọ̀ lóṣù kìíní? Àwọn kan á sì máa sọ fún ọ pé kí ilé-iṣẹ́ kúkú yọ ọ́ lára owó oṣù kálukú, kí wàhálà tán. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Abala 5 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa ní agbanisíṣẹ́ ò lè déédéé yọ nǹkan lára owó oṣù òṣìṣẹ́ lẹ́yìn ohun tí òfin gbà á láyè láti yọ. Bó bá jẹ́ owó ètò kan tí òṣìṣẹ́ fẹ́ máa dá sí, òun fúnra ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Òfin náà tún ní àpapọ̀ ohun tí wọ́n máa yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdámẹ́ta owó oṣù lọ. Ìwọ tí o wà ní ìṣirò owó, ọ̀dọ̀ rẹ ni ẹjọ́ yẹn máa kọ́kọ́ dé. Ẹnìkan láti Lọ́ńdọ̀nù lè sọ fún ọ pé níbi tí àwọn wà, wọ́n ń yọ ọ́ lára owó oṣù. Lóòótọ́ ni, láti 1987 ni wọ́n ti ní Payroll Giving ní Bìrìtìkó, àmọ́ òṣìṣẹ́ ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ sí i, wọ́n sì ń yọ ọ́ kí wọ́n tó gba owó orí, tó fi jẹ́ pé pọ́n-ùn kan tí ẹni tó wà ní ìpele owó orí àkọ́kọ́ bá fi sílẹ̀, 80 pẹ́ńsì ló ná an. Ìjọba ń bá wọn gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà. Ta ló ń bá dírẹ́bà yín gbé?

Ohun tí o lè ṣe ni pé kí o padà sọ́dọ̀ ọ̀gá. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kí ni ilé-iṣẹ́ fúnra ẹ̀ máa gbé kalẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ó dáṣọ fún ni, ti ọrùn ẹ̀ là ń wò. Bí ó bá lè gbà pé iye tí àwọn òṣìṣẹ́ bá dá, ilé-iṣẹ́ á fi ìlọ́po kan lé e, wàá rí i pé ojú á yí padà, nítorí 500 ẹni tó kéré jù ti di 1,000. Sọ fún un pẹ̀lú pé kó má béèrè orúkọ àwọn tí kò san lọ́wọ́ rẹ. Ìyẹn le láti sọ fún ọ̀gá, mo mọ̀, èmi náà lò tó ọdún mẹ́fà kí n tó lè la ẹnu sọ ọ́.

Nípa ẹ̀sìn, jẹ́ kí n tètè sọ èyí kí n kọjá. Bí ilé ọmọ òrukàn náà bá jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn Mùsùlùmí ọ́fíìsì yín lè máa fà sẹ́yìn láì sọ ọ́, bó bá sì jẹ́ ti mọ́ṣáláṣí, àwọn Kìrìsìtẹ́nì lè ṣe bákan náà. Elòmíì á ní òun ti san ìdámẹ́wàá. Elòmíì á ní sákà òun ní àwọn tó tọ́ sí, oríṣi èèyàn mẹ́jọ tí Kùránì là sílẹ̀, òótọ́ ló sì sọ. Sàráà ni tìrẹ yìí, ìyẹn sì gbòòrò. Má bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Kàn jẹ́ kó hàn kedere ta ló ni ilé náà àti pé ọmọ oníkálukú ló wà níbẹ̀, bó bá rí bẹ́ẹ̀.

Èyí tó wá ràn mí lọ́wọ́ jù lọ, mi ò ti inú ọgbọ́n dé ìdí ẹ̀. Lọ́dún kan, ó yẹ kí n mú ọ̀gá méjì àti ayàwòrán lọ sí ilé ọmọ òrukàn tí a dáwó fún, bí a ti máa ń ṣe, àwọn ọ̀gá ò ráyè, mo bá mú dírẹ́bà tó gbé wa àti obìnrin tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì wọlé. Dírẹ́bà kò jókòó ní pálọ̀. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó lọ ń wo jẹnẹrétọ̀, ó bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n ti pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀ kẹ́yìn, kò sẹ́ni tó mọ̀. Obìnrin náà ní kí wọ́n ṣí ibi ìkóúnjẹsí fún òun. Páálí Indomie ló kún ibẹ̀ dé àjà, ó tẹ̀ ba, ó ń ka ọjọ́ tó wà lára wọn, ó kó mẹ́rin sọ́tọ̀ tí àkókò wọn ti kọjá. Ìyá tó ń tọ́jú ilé rẹ́rìn-ín, ó ní ẹgbẹ́ mẹ́ta lè wá lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù Kejìlá, kí àwọn ọmọ sì kọrin fún ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n ya fọ́tò. Bó bá di oṣù kẹta, gàrí àwìn lòun ń rà. Ó ní páńpásì kì í tó, àti ọṣẹ, àti owó káàdì ilé-ìwòsàn. Nígbà tí a padà dé, mi ò sọ nǹkan kan. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ló ń sọ ọ́ nídìí oúnjẹ ọ̀sán, tó ń fi ọwọ́ ṣe bí páálí náà ṣe ga tó. Lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn dírẹ́bà dá owó ọ́ìlì àti ti mẹkáníìkì láàárín ara wọn, láì bá mi sọ ọ́. Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn tó ti parí.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti yí gbogbo nǹkan padà. Oṣù kẹta ni a ń dáwó, kì í ṣe oṣù Kejìlá tí kálukú ń wá owó adìyẹ. Ọjọ́ kejì tí àlẹ́ẹ̀tì owó oṣù bá wọlé ni mo máa ń sọ̀rọ̀, ọjọ́ karùn-ún ni mo ń pa ẹnu mọ́. Mi ò sì bẹ̀bẹ̀ fún "ilé ọmọ òrukàn" mọ́. Mo máa ń sọ pé páálí páńpásì mẹ́wàá là ń wá, mẹ́ta ti wọlé. Àwọn kan máa ń ra páálí fúnra wọn, wọn kì í fún mi lówó, kò sì dùn mí. A tún máa ń se mọ́ínmọ́ín tà ní Friday, ìyẹn dùn, ẹni tó rà á ò tilẹ̀ rò pé òun ń dáwó, àmọ́ iṣẹ́ ibẹ̀ pọ̀, àwọn obìnrin ló sì máa ń já lé lórí nígbẹ̀yìn. Àwọn kan gbà kí èèyàn san 500 kó lè wọ jíǹsì wá síbi iṣẹ́, kò burú níbi tí wọ́n ti ń wọ táì, àwọn ará ibi ìkẹ́rùsí yín ò ní rí ìtumọ̀ ẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀bùn, èyí tí wọ́n ń tà tí wọ́n á wá ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tó jẹ ẹ̀bùn, ni mo kórìíra, nítorí ìdajì ọ́fíìsì máa ń kà á sí tẹ́tẹ́, òfin tó dè é náà ò sì rọrùn. Má gbàgbé pé ọwọ́ èèyàn náà jẹ́ ẹ̀bùn. Ilé-iṣẹ́ yín ń kó ẹrù. Ẹ lè máa bá ilé náà kó ọjà wọn láti Mile 12 lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó jẹ́ pé ọkọ̀ tó ti fẹ́ gba ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa kó o. Ó ṣeé ṣe kíyẹn wúlò fún wọn ju gbogbo owó tí o ti ń lé kiri láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ibì kan wà tí ọwọ́ mi ò dé. Bó bá jẹ́ pé owó oṣù yín kì í wọlé lásìkò, tàbí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé èèyàn kúrò, kò sí ọgbọ́n tí mo lè kọ́ ọ tó máa ṣiṣẹ́, mi ò sì rò pé ó yẹ kó ṣiṣẹ́. Sọ fún ọ̀gá pé kó sún un síwájú. Bí ẹ bá sì ṣe gbogbo ohun tí mo sọ yìí, bí ogún èèyàn ṣì lè wà tí kò ní dáwó rárá. Tèmi náà rí bẹ́ẹ̀ títí mo fi kúrò níbẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ni mo padà rí i nígbà tí ọkọ mi ń ṣàìsàn, tí wọ́n ń gba mọ́tò méjì wá kí wa.

Èyí tó kù ò le. Lónìí, pa orúkọ yẹn rẹ́ lórí WhatsApp, kí o sì kọ gbólóhùn méjì sí i pé o ṣe é láìronú, o tọrọ gáfárà. Fún àwọn mọ́kànlá tó ti san ní ìwé kékeré tó sọ iye tó wọlé àti ibi tó wà. Tó bá di ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lọ wo ilé náà, wá àyè kan sílẹ̀ nínú ọkọ̀ fún ìyá ibi ìkẹ́rùsí. Lọ bá a fúnra rẹ lẹ́yìn iṣẹ́, kí o kúnlẹ̀ kí i tàbí kí o dọ̀bálẹ̀, bí ilé yín bá ṣe kọ́ ọ, kí o sọ fún un pé ojú ẹ̀ là ń fẹ́, kì í ṣe owó ẹ̀. Má mú ìwé orúkọ dání o.